Ọjọ́ Kò Gùn, Ọjọ́ Kò Kúrú: Ohun Tí Ó Kù Nínú Rẹ̀ Ni Ìbéèrè

Nínú oṣù Rámádánì, bí ìrun Àlàsárì bá ti parí ní ìlú Ìwó, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń jáde lẹ́nu tọmọdé tàgbà ní ọjà Odò-Orí, ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí àti ní ibùdókọ̀: "Oòrùn òní yìí kò mà fẹ́ wọ̀." Aago ń lọ bí ó ti lọ lánàá, ṣùgbọ́n lójú aláàwẹ̀ tí òùngbẹ ń gbẹ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá a máa dàbí wákàtí kan. Nígbà tí ó bá sì di alẹ́ tí gbogbo ojú ń wá oṣù Ṣàwálì lójú ọ̀run, ẹnu àwọn ènìyàn kan náà ni a ó ti gbọ́ pé: "Rámádánì yìí mà yá o! Ṣebí àná ni a bẹ̀rẹ̀." Ọjọ́ gùn, oṣù kúrú. Báwo ni ọgbọ̀n ọjọ́ gígùn ṣe ń di oṣù kúkúrú kan ṣoṣo?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí pín sí lórí ọ̀rọ̀ àkókò lóde òní. Apá kan ń sọ pé ayé ti ń sáré, pé ọjọ́ kò tó ọjọ́ mọ́, pé àmì òpin ayé ni, nítorí náà kò sí ohun ribiribi tí ènìyàn tún lè dáwọ́ lé. Apá kejì ni àwọn tí wọ́n ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn kò tí ì rí iṣẹ́, tàbí tí wọ́n ń dúró de èsì ìdánwò. Àwọn wọ̀nyí ń sọ pé ọjọ́ kò lọ, pé ilẹ̀ kì í ṣú bọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni ó ń gbé wọn lọ: àti ẹni tí ó ní àkókò ti tán, àti ẹni tí ó ní àkókò kò tán, àwọn méjèèjì káwọ́ lẹ́rán. Nítorí náà ni ó ṣe tọ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní. Ṣé àkókò ni ó ń yí padà ni, àbí ọkàn tí ń wọ̀n ọ́n?

Oòrùn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè. Ìlú Ìwó kò jìnnà púpọ̀ sí ìlà tí ó pín ayé sí méjì ọgbọọgba. Nítorí náà, láàárín ọjọ́ tí ó gùn jù lọ nínú oṣù Júùnù àti èyí tí ó kúrú jù lọ nínú oṣù Dìsẹ́ńbà, ìyàtọ̀ tí ó wà nínú gígùn ọ̀sán kò tó wákàtí kan. Bí a bá ka ààwẹ̀ láti ìgbà tí àfẹ̀mọ́júmọ́ bá ti là títí oòrùn fi wọ̀, nǹkan bí wákàtí 13 ni èyí tí ó kúrú jù ní Ìwó, nǹkan bí wákàtí 14 sì ni èyí tí ó gùn jù. Rámádánì ọdún 2016 bẹ̀rẹ̀ ní 6 Júùnù, nínú ìgbà òjò tí ilẹ̀ tutù. Ti ọdún 2024 bẹ̀rẹ̀ ní 11 Máàṣì, nínú ooru ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá fi aago wọ̀n ọ́n, ààwẹ̀ ọjọ́ kan ní Júùnù 2016 fi nǹkan bí ìdajì wákàtí gùn ju ti Máàṣì 2024 lọ. Síbẹ̀, bí a bá bi ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn léèrè, ti oṣù Máàṣì ni yóò pè ní gígùn, nítorí pé òùngbẹ ni ó fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe aago. Ní ọdún 2016 kan náà, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù gba ààwẹ̀ nǹkan bí wákàtí 18 lójúmọ́. Ìyẹn ni ọjọ́ tí ó gùn ní tòótọ́. Èyí tí à ń pè ní gígùn ní Ìwó, inú ọkàn ni ó ti gùn.

Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá rí lórí èyí kò ṣòro láti lóye: àkókò tí a bá ń ṣọ́ ni kì í lọ. Kí ènìyàn dé ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní alẹ́ ọjọ́ tí ìdíje ńlá bá wà, yóò rí i. Nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi góòlù kan ṣíwájú yóò máa pariwo pé kí rẹfirí fọn fèrè, pé ìṣẹ́jú márùn-ún náà kọ̀ kò tán. Ẹni tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ wà lẹ́yìn, tí ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì kan náà, yóò ní àkókò tí wọ́n fún àwọn kò tó. Aago kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń wò. Ẹni tí ó ń fẹ́ kí àkókò lọ ni kò rí kí ó lọ, ẹni tí ó sì ń fẹ́ kí ó dúró ni kò rí kí ó dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan náà, tí ìṣẹ́jú 90 bọ́ọ̀lù kò tó lójú rẹ̀, ni yóò máa mí kanlẹ̀ bí imáàmù bá ka súrà gígùn kan nínú ìrun taráwíhù. Kì í ṣe ìrun ni ó gùn. Ọkàn rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀.

Ara pẹ̀lú ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà kan, Hudson Hoagland, kíyè sí i nígbà tí ibà ń ṣe ìyàwó rẹ̀ pé bí òun bá jáde fún ìgbà díẹ̀, obìnrin náà a ní ó pẹ́ gan-an kí òun tó dé. Ó wá ní kí ó máa ka oókan títí dé ọgọ́ta lọ́kàn láìwo aago, kí kíkà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ara rẹ̀ ṣe ń gbóná sí i ni ó ń yára kà á tán sí i, tí ó fi jẹ́ pé lójú rẹ̀, ìṣẹ́jú kan ti pé kí aago tó sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1933 ni Hoagland tẹ ìwádìí náà jáde. Abájọ tí òru fi máa ń gùn lójú aláìsàn.

Ìbẹ̀rù náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí orí bá kó yọ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ a máa sọ pé òun rí ohun gbogbo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ayé dúró. Ní ọdún 2007, David Eagleman àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde lórí èyí. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ènìyàn já bọ́ láti orí ilé gogoro tí ó ga ní mítà 31 sínú àwọ̀n. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n sọ bí ó ṣe pẹ́ tó, ìjábọ́ tiwọn gùn lójú wọn ju ti àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n wò lọ, àlékún náà sì ju ìdá kan nínú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń já bọ́, ẹ̀rọ kékeré kan wà ní ọrùn ọwọ́ wọn tí nọ́ńbà ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀ kíákíá. Bí àkókò bá falẹ̀ fún wọn lóòótọ́, ó yẹ kí wọ́n lè ka nọ́ńbà náà. Wọn kò rí i kà ju bí wọ́n ti lè kà á ní ilẹ̀ lọ. Èyí fi hàn pé àkókò kò falẹ̀. Ọkàn tí ẹ̀rù bà ni ó kó ohun púpọ̀ pamọ́ láàárín ìgbà kékeré, nígbà tí ó sì bojú wẹ̀yìn, ó rò pé ìgbà náà gùn.

Níbí yìí ni ìdáhùn sí ìbéèrè Rámádánì wà. Òṣùwọ̀n méjì ni ọmọ ènìyàn fi ń wọn àkókò. Nígbà tí àkókò bá ń lọ lọ́wọ́, ojú tí a fi ń ṣọ́ ọ ni òṣùwọ̀n. Nígbà tí ó bá ti lọ tán, ohun tí a rántí nínú rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. William James, àgbà onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé èyí nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1890: àkókò tí ó kún fún ohun tuntun a máa yára lọ, ṣùgbọ́n a máa gùn bí a bá bojú wẹ̀yìn. Èyí tí ó ṣófo a máa wọ́ lọ, a sì máa kúrú nínú ìrántí. Ọjọ́ ààwẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn nítorí pé à ń ṣọ́ ọ. Oṣù náà kúrú nítorí pé àwọn ọjọ́ rẹ̀ jọ ara wọn, sààrì, iṣẹ́, ìṣínu, ìrun, oorun, ọkàn sì ká wọn jọ bí ẹni ká ẹní.

Èyí náà wà lára ohun tí ó ń mú ọdún sáré lójú àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó ń retí Iléyá rò pé kò ní dé mọ́. Ọdún kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ọjọ́ tí ó tí ì lò láyé. Fún ẹni àádọ́ta ọdún, ìdá kan nínú àádọ́ta ni. Paul Janet, ọmọ Faransé, ni ó mú ìṣirò yìí wá ní 1877. Ṣùgbọ́n ìṣirò nìkan kọ́. Ohun gbogbo ni ó jẹ́ tuntun lójú ọmọdé. Àgbà ti rí wọn rí, kò sì ka wọn sí mọ́. Òun ni ìyá àgbà fi lè pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn ní ọ̀rọ̀ ìjẹta.

Bí a bá wá yọ oòrùn àti aago kúrò pátápátá, ẹ̀dá kò ní mọ iye ọjọ́ tí ó lò. Ní 16 Júláì 1962, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Faransé kan, Michel Siffre, ẹni ọdún 23, wọ inú ihò jíjìn kan lọ ní àwọn òkè Alps láìmú aago dání. Òun nìkan ni ó ń gbé inú òkùnkùn àti òtútù ibẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ fún un ní 14 Sẹ̀tẹ́ńbà pé àkókò ti tó láti jáde, ó rò pé 20 Ọ́gọ́ọ̀sì ni. Ọjọ́ 25 ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ara rẹ̀ kò gbàgbé: sísùn àti jíjí rẹ̀ ń yípo ní nǹkan bí wákàtí 24 àti ààbọ̀. Ọkàn ni kò lè kà á.

Ìtàn yìí kò yẹ kí ó ya Mùsùlùmí lẹ́nu, nítorí pé èyí tí ó jù ú lọ wà nínú Súrà Al-Kahf tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ọ̀dọ́ ni àwọn tí wọ́n sá wọ inú ihò àpáta nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Nígbà tí Ọlọ́hun jí wọn, tí wọ́n bi ara wọn léèrè bí oorun wọn ti pẹ́ tó, èrò wọn kò ju ọjọ́ kan tàbí apá kan nínú ọjọ́ kan lọ. Ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé mẹ́sàn-án ni. Àwọn onítúmọ̀ Al-Kùránì sọ pé 300 ọdún tí a fi oòrùn kà ni ó ń di 309 bí a bá fi oṣù ojú ọ̀run kà á, ìṣirò náà sì bára mu. Ẹni tí Ọlọ́hun pa fún ọgọ́rùn-ún ọdún nínú Súrà Al-Baqarah dáhùn bákan náà nígbà tí ó jí. Súrà Al-Mu'minun sì fi yé wa pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan yóò dáhùn ní Ọjọ́ Àjíǹde, nígbà tí a bá bi wọ́n ní iye ọdún tí wọ́n lò lórí ilẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ hàn gbangba: bí àkókò ṣe rí lára ẹ̀dá kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí a lè fọkàn tán.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń sọ pé ọjọ́ ti kúrú wá ńkọ́? Òtítọ́ ni pé hádíìsì wà láti ẹnu Ànọ́bì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pé lára àwọn àmì Ọjọ́ Ìkẹyìn ni kí àkókò súnmọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n àwọn onímímọ̀ kò fi ẹnu kò lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Al-Khattabi, tí ó kú ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, wòye pé ìgbádùn ni yóò mú kí ọjọ́ dàbí èyí tí ó kúrú, nítorí pé ọjọ́ ìdẹ̀rùn kì í pẹ́ lójú ẹni. Ibn Hajar al-Asqalani, tí ó kú ní 1449, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ti ń rí i ní ìgbà ayé tàwọn pé ọjọ́ ń sáré, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìgbádùn kankan tí ó fà á. Àlùbáríkà ni a yọ kúrò nínú àkókò. Ẹ kíyè sí i: ó ti lé ní 570 ọdún tí àgbà onímímọ̀ ti wí pé ọjọ́ ń sáré. Kò sí tẹlifóònù nígbà náà, kò sí mọ́tò. Ọ̀rọ̀ náà kò sì sọ Ibn Hajar di ọ̀lẹ, nítorí pé inú ìwé ńlá tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ, Fath al-Bari, ni ó kọ ọ́ sí. Ẹni tí ó gbà pé àlùbáríkà ń kúrò nínú àkókò, wíwá àlùbáríkà náà ni ó kàn án, kì í ṣe ìjókòó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dun àwọn ọ̀dọ́ jù kò jìnnà. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé ènìyàn mọ́lé, ìwádìí tí Ruth Ogden ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ó ju 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó bi léèrè lọ tí àkókò kò rí bákan náà lára wọn mọ́: ó ń sáré fún àwọn kan, ó ń falẹ̀ fún àwọn mìíràn. Nígbà tí ó di 14 Fẹ́búárì 2022, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò dáwọ́ dúró títí di 14 Ọkitóbà. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti ibòmíràn fi wà nílé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń jí, tí ó ń jẹun, tí ó ń béèrè lójoojúmọ́ bóyá wọ́n ti wọlé, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Bí a bá bi í léèrè lónìí ohun tí ó ṣe nínú oṣù mẹ́jọ náà, kò ní rí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan sọ. Èyí tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀, tàbí tí ó jókòó ti àfáà rẹ̀ láti há ìsìpá Al-Kùránì mélòó kan sórí, yóò ní ọjọ́ kò tó òun. Ṣùgbọ́n bí ó bá bojú wẹ̀yìn, oṣù mẹ́jọ tirẹ̀ gùn, ó sì ní èso. Oṣù mẹ́jọ kan náà ni, oòrùn kan náà ni ó ràn lé àwọn méjèèjì lórí.

Fọ́nrán kéékèèké orí tẹlifóònù wá burú ju ìjókòó lásán lọ. Ọ̀dọ́ tí ó gbé tẹlifóònù lẹ́yìn Ìṣáì pé kí òun wo ìṣẹ́jú márùn-ún péré, òru yóò ti gbà á kí ó tó gbójú sókè. Bí ó bá sì di òwúrọ̀, kò ní rántí mẹ́ta nínú gbogbo ohun tí ó wò. Ẹni tí ó jókòó lásán, ó kéré tán, ó mọ̀ pé òun jókòó, ọjọ́ náà gùn lójú rẹ̀. Ti ẹni yìí kò gùn nígbà tí ó ń lọ, kò sì gùn nígbà tí ó lọ tán. A jí i ní iwájú, a jí i ní ẹ̀yìn.

Nítorí náà, àti ọjọ́ tí ó yára àti ọjọ́ tí ó falẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kò dára fúnra rẹ̀, ọ̀kan kò burú fúnra rẹ̀. Òru ẹni tí ń kàwé gùn, ó sì ní èrè. Òru ẹni tí ń wo fọ́nrán kúrú, ó sì ṣófo. Ohun tí ó kù sílẹ̀ ni kí a fi ṣèdájọ́. Lórí èyí, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ mú lò.

Èkíní, kí wọ́n dá ọjọ́ padà sórí èèkàn márùn-ún rẹ̀. Láti ayé Ọba Muhammad Lámúyẹ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ìwó di ọ̀kan nínú àwọn ìlú Yorùbá tí Mùsùlùmí kọ́kọ́ jọba lé lórí, ìpè ìrun ni ó ti ń pín ọjọ́ fún ará ìlú. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí òun yóò parí láàárín Àsùbáà àti Aìlà, láàárín Aìlà àti Àlàsárì, títí dé Ìṣáì, ọjọ́ rẹ̀ kò ní wọ́, kò sì ní sọnù.

Èkejì, kí ẹni tí ń dúró má ṣe dúró lásán. Ìdúró de iṣẹ́, de èsì tàbí de ìwọlé kò sí ní ìkáwọ́ ẹni tí ń dúró, ṣùgbọ́n ohun tí yóò fi kún inú rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ànọ́bì wa ti kìlọ̀ pé ìdẹ̀ra méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ṣòfò, ìlera àti àyè. Àyè tí ọ̀dọ́ ń pè ní ìyà lónìí, àgbà tí iṣẹ́ kún ọwọ́ rẹ̀ ń wá a kiri.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n máa fi ohun tuntun sínú ọ̀sẹ̀ wọn: ẹ̀kọ́ tuntun kan, àbẹ̀wò sí aláìsàn kan, iṣẹ́ ọwọ́ kan tí wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí kò bá ní ohun kan tí a lè pe orúkọ rẹ̀ yóò ká wọnú èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, wọn yóò sì di ọdún tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Àwọn ọ̀dọ́ inú ihò àpáta ti fi ọ̀nà hàn. Nígbà tí iye ọjọ́ tí wọ́n lò rú wọn lójú, wọn kò jókòó máa jiyàn lórí rẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún Olúwa wọn tí ó mọ̀ ọ́n jù, wọ́n sì rán ẹnìkan nínú wọn lọ sí ìlú láti lọ ra oúnjẹ. Ìkà ọjọ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, iṣẹ́ tí ó wà níwájú ni ti ẹ̀dá.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi àlùbáríkà sí àkókò gbogbo ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, kí Ó má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ wọn lọ lófo. Àmín.